Kajú tàbí ìwé? Ohun tó ń dá àwọn ọmọ wa dúró ní Bantè àti Savalou

Láti oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún ọdún, kajú máa ń já bọ́ káàkiri oko Bantè àti Savalou. Àsìkò náà ni àgbẹ̀ ń rówó, àsìkò náà ni oníṣòwò ń gbé ìwọ̀n jáde. Àsìkò náà sì ni ọ̀pọ̀ àga ń ṣófo nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí ọwọ́ ọmọdé yá láti ṣa èso nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó iṣẹ́ fún ọmọ tirẹ̀.

Lójú òfin, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Òfin ńlá orílẹ̀-èdè Benin ti ọdún 1990 sọ pé dandan ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2006, ìjọba Ààrẹ Boni Yayi fagi lé owó ilé-ìwé ní jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Kí ló wá kù tó ń dá ọmọ dúró sílé?

Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀fẹ́ náà ní ibi tó mọ. Aṣọ kakí, ìwé àjákọ, bírò, bàtà, owó tí ẹgbẹ́ òbí ń dá: àpò bàbá àti ìyá ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Oṣù kẹsàn-án ni ilé-ìwé ń wọlé. Nígbà yẹn, owó kajú tí wọ́n gbà lóṣù kẹrin ti lọ sí ìsìnkú, oògùn àti gbèsè. Kì í ṣe pé owó kò wọlé rí. Ó wọlé, ó sì tún jáde kí ọjọ́ ìwé tó pé.

Èkejì ni iṣẹ́ ilé, ọmọbìnrin ló sì ń rù ú jù. Òun ló ń pọn omi, òun ló ń pọn àbúrò bí ìyá bá lọ sọ́jà. Ilé-ìwé wa máa ń ṣí láago mẹ́jọ títí di méjìlá, wọ́n á tún padà láago mẹ́ta. Ọmọ tó bá rin ọ̀nà jíjìn wálé lọ́sàn-án, tó bá iṣẹ́ nílẹ̀, kò dájú pé yóò padà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ sí nílé mọ́: wọ́n ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ ní Cotonou, ní Parakou tàbí ní Nàìjíríà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń pè ní vidomègon. Tẹ́lẹ̀, àṣà pé kí ẹbí bá ni tọ́mọ ni. Lónìí, ọ̀pọ̀ wọn ló ń kiri ọjà nígbà tí ọmọ onílé wà ní kíláàsì. Lọ́dún 2003, ó lé ní 100 ọmọ Benin tí wọ́n kó padà wálé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lágbègbè Abẹ́òkúta.

Ẹ̀kẹta ni èrò ọkàn òbí. Ọmọ ń sọ Ìṣà, Ifẹ̀ tàbí Màhì nílé, Faransé ni tíṣà fi ń kọ́ ọ. Bàbá tí kò kàwé kò lè mọ̀ bóyá ìwé náà ń wọlé. Ó sì ń rí ọ̀dọ́ tó gbàwé-ẹ̀rí tó ń gun ọ̀kadà. Ó bi ara rẹ̀ pé èrè wo ló wà níbẹ̀? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi tiwa náà: ta ni wọ́n ń rẹ́ jẹ nídìí ìwọ̀n kajú? Ẹni tí kò lè ka nọ́ńbà ni. Ta ló ń gbé fóònù fún àlejò kó bá òun ka ìròyìn owó tó wọlé? Ẹni tí kò kàwé náà ni.

Ohun kan wà tó ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2017 ni ìjọba àti Àjọ Oúnjẹ Lágbàáyé ti ń fi oúnjẹ ọ̀sán ilé-ìwé kún àwọn ilé-ìwé ìjọba. Ọmọ tó bá jẹun níbẹ̀ kò ní ìdí láti wálé lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ sì dín ìkòkò kan kù.

Èyí tó kù, ọwọ́ wa ló wà. Lọ́jọ́ tí a bá ta kajú, ká ya owó aṣọ àti ìwé sọ́tọ̀ kó tó di pé a náwó mìíràn. Ká gba ìwé ìbí ọmọ kíá, torí ẹni tí kò ní i yóò rí wàhálà nígbà ìdánwò CEP. Ká pín iṣẹ́ ilé láàárín ọkùnrin àti obìnrin, kó jẹ́ ọjọ́ Sátidé ni ọmọ yóò máa bá wa ṣa kajú. Ẹ̀yin oníṣòwò náà, bí ọmọdé bá gbé àpò kajú wá láago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ bi í léèrè pé ilé-ìwé ńkọ́, kí ẹ tó gbé e sórí ìwọ̀n.

Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Oko kajú náà kò yọ sílẹ̀.