Fèrèsé Ni Ó Ń Fọ Afẹ́fẹ́ Ilé, Kì í Ṣe Òdòdó

Bí ẹ bá wọ ilé àwọn ọlọ́lá òde òní, ẹ óò rí òdòdó nínú ìkòkò káàkiri yàrá. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní òun ni ó ń gba oró inú afẹ́fẹ́. N kò jiyàn pé òdòdó dùn ún wò. Pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́ ni n kò gbà.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1989, Wolverton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún NASA ní Amẹ́ríkà, gbé ewéko sínú àpótí tí wọ́n dé pa, wọ́n sì fẹ́ oró bíi benzene sí i. Oró náà dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó ń gbé inú àpótí? Ilé ní ilẹ̀kùn, ó ní fèrèsé, ó ní ihò lábẹ́ òrùlé, atẹ́gùn sì ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde. Ní ọdún 2019, Cummings àti Waring ní Yunifásítì Drexel ṣe ìṣirò lórí irú àwọn ìdánwò bẹ́ẹ̀. Kí ewéko tó lè ṣe iṣẹ́ tí atẹ́gùn yìí ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ìkòkò 10 sí 1,000 ni a óò tò sórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan. Níbo ni onílé yóò wá tẹ́ ẹní sí?

Ẹlòmíràn lè wí pé díẹ̀ sàn ju àìsí rárá lọ. Èmi ì bá gbà, bí kì í bá ṣe pé ìgbàgbọ́ yìí ń mú kí ènìyàn fọkàn balẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rù. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti èédú ní oró kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ẹni tí ó sùn tì í lè má jí mọ́, bí ọgọ́rùn-ún òdòdó tilẹ̀ yí i ká. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èéfín ìdáná inú ilé pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020.

Mo mọ̀ pé ẹ̀fọn àti olè ni ó ń mú wa ti fèrèsé. Ẹ fi owó òdòdó ra nẹ́ẹ̀tì àti irin sójú fèrèsé, kí ẹ sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ara ilé.