Orísun Odò Là Ń Gbàgbé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Allah, Ọba tí ó ń sọ omi kalẹ̀ láti sánmọ̀. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará nínú Islam, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú ní Èjìgbò àti àwọn abúlé rẹ̀, títí dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ọ̀rọ̀ kan ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwa aáfà: àmúwá Ọlọ́run ni. Bí kànga bá gbẹ, àmúwá Ọlọ́run ni. Bí ọmọ bá pẹ́ dé ilé kéwú nítorí pé omi ni ó ń wá kiri, àmúwá Ọlọ́run ni. Òótọ́ ni pé kò sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kí n sọ ọ́ gbangba: iṣẹ́ ọwọ́ ara wa ni a ń fi ọ̀rọ̀ náà bò mọ́lẹ̀.

Níbo ni omi ti ń wá? Odò Ọ̀ṣun, tí a fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ ní 1991, láti ilẹ̀ olókè Èkìtì ní agbègbè Ìgèdè ni ó ti ń ṣàn bọ̀. Odò Ọya, tí a fi ń ṣe iná mànàmáná ní Kàǹjì láti 1968, láti orí òkè ilẹ̀ Gínì ni ó ti ń bọ̀, ó sì ń rin nǹkan bí 4,200 kìlómítà kí ó tó wọ òkun. Nígbà tí ọ̀dá òjò mú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, odò ńlá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàn mọ́ ní Niamey ní 1985. Nínú Súrátul-Mursalāt, āyà 27, ojú kan náà ni Ọlọ́run ti dárúkọ òkè gíga àti omi dídùn. Ẹ rò ó wò.

Òkè tí igi bò dà bí ìkòkò omi. Ó ń gba òjò sára, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá gé igi rẹ̀ tán, òjò a ré kọjá bí omi orí ewé kókò. Ní báyìí tí ayé ń gbóná sí i, oòrùn ń fa omi gbẹ, òjò ń pẹ́ kí ó tó dé, bí ó bá sì dé, á dà wìì, á wó ilé, á sì lọ. Lórí òkè Kilimanjaro ní Tànsáníà, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún yìnyín orí rẹ̀ tí ó ti yọ́ láti 1912.

Àwọn kan yóò ní òyìnbó ni ó fà á. Wọn kò parọ́. Èéfín tí gbogbo Áfíríkà ń tú sáyé kò ju bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó sì tọ́ kí a bèèrè ẹ̀tọ́ wa. Ṣùgbọ́n ṣé òyìnbó ni ó ń ti iná bọ igbó wa lọ́dọọdún? Ṣé òyìnbó ni ó ń gé igi etí odò wa sun èédú?

Ẹ tún wo mọ́ṣáláṣí wa. Ànábì (SAW) fi múdù kan ṣe àlùwàlá, èyí tí kò tó lítà kan. Àwa ń ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀, a ń tàkúrọ̀sọ. Àpáta ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Inú yẹpẹ orí rẹ̀ àti ojú sísán rẹ̀ nìkan ni omi ń gbé. Bí olówó bá ń fa tirẹ̀ láìdúró, kànga tálákà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè gbẹ.

Āyà tí ó parí Súrátul-Mulk ń bi wá pé bí omi wa bá wọlẹ̀ lọ, ta ni yóò mú omi tí ń ṣàn wá fún wa. Mo fi ara mi kún un: ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ ọmọ ní súrà yìí sórí, tí n kò sì na ọwọ́ sí kànga tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

A ń kírun tọrọ òjò, ó dára. Ṣùgbọ́n ìtúúbá ni ó ń ṣáájú rẹ̀, ìnákúnàá omi sì wà lára ohun tí a ó túúbá sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbà kí wọ́n kan òrùlé mọ́ṣáláṣí láìsí ọ̀nà tí a ó fi gbe omi òjò. Ẹ dá bùútà padà sí ojú àlùwàlá. Ẹ gbin igi yí orísun omi ká. Ẹ̀yin lèmọ́mù, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe kútúbà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

A máa ń pa á lówe fún ọmọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Àwa tí a ń pa òwe náà ni a gbàgbé orísun. Kí Ọlọ́run là wá lójú, kí Ó sì fi omi tútù jíǹkí wa. Āmīn.