Ta Ni Olówó?

Ní Òfin, ní ìlú Ṣàgámù, ó ṣòro láti rí ẹni tí yóò pe ara rẹ̀ ní olówó. Oníṣòwò tí apẹ̀rẹ̀ obì gbàǹja kún yàrá rẹ̀ ń wo àwọn tó ń kó ọkọ̀ obì lọ sí Òkè Ọya, ó ní mẹ̀kúnnù ni òun. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní 2024, ń wo alágbàṣe, ó ní òun ti kúrò lẹ́gbẹ́ tálákà. Aládùúgbò ni àwọn méjèèjì fi ń wọn ara wọn.

Níṣáàbù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó àti ọjà rẹ̀, lẹ́yìn gbèsè, bá tó iye wúrà gíráàmù 85, tó sì pé ọdún òṣùpá kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọlọ́rọ̀ ni. Ìdá kan nínú 40 rẹ̀ ti di sàká. Oníṣòwò tó ní mẹ̀kúnnù ni òun láìka obì inú yàrá rẹ̀, ẹ̀tọ́ aláìní ló lè máa jẹ. Kí Ọlọ́hun là wá lójú.