Bí Ó Ti Yẹ Kí A Máa Gbèrò Ìwé Ìtàn Àròsọ Wa

Ẹ̀yin ọlọ́lá wa, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí a fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa a máa bi wá léèrè bí ènìyàn ti í gbèrò ìwé ìtàn àròsọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Bí a bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwọn fúnra wọn rò, ìdáhùn wọn a pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan gbà pé àfi kí ìtàn bá ìlànà ìwé Gẹ̀ẹ́sì mu, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a bí akọni, kí ìjà dé ní àárín, kí àlàáfíà dé ní ìparí. Àwọn yòókù ní àwọn kò fẹ́ ìlànà kankan. Ibi tí gègé bá gbé àwọn dé ni àwọn yóò dúró. Ní ti àwa, ọ̀nà méjèèjì kò tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ahunṣọ ilẹ̀ wa. Kí ó tó fi òwú ìdábùú kan ṣoṣo kọjá, ó ti ka òwú gígùn rẹ̀, ó ti pinnu èyí tí yóò jẹ́ dúdú àti èyí tí yóò jẹ́ funfun, ó sì ti nà án gbọọrọ síwájú òfì, òkúta ni ó fi fà á le. Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, èyíinì kò ṣeé yí padà mọ́. Ṣùgbọ́n ọnà tí yóò fi òwú ìdábùú ṣe sí i lára lè yọ sí i lọ́kàn níbi tí ó ti ń hun ún lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìtàn rí. Ohun mẹ́ta ni òwú gígùn rẹ̀: ta ni ń sọ ọ́, ta ni ó ń sọ ọ́ fún, àti kí ni ẹni tí ń gbọ́ yóò máa dúró dè. Ẹni tí ó bá ti fúnra rẹ̀ pinnu ìwọ̀nyí ti ní ìlànà. Ìyókù lè wá bí ó bá ti wù ú.

Àwọn tí ó ṣáájú wa kò ṣe é ní ọ̀nà kan náà. Ní 1929 sí 1930, I. B. Thomas tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bí ẹni pé obìnrin aláìsàn kan ni ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì gbà pé ènìyàn gidi ni. D. O. Fágúnwà, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ tí ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀, gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Kò kọ lẹ́tà ní tirẹ̀: arúgbó ọdẹ ni ó mú wá bá akọ̀wé, ọdẹ ń sọ, akọ̀wé ń kọ, àwọn ará ìlú sì wá péjọ láti gbọ́. Nígbà tí ó di 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́, gba irú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó ti òkè òkun wá, ó sì kọ Àjà Ló Lẹrù. Ọ̀nà àjèjì ni, ṣùgbọ́n Lápàdé tí ó fi ṣe akọni ibẹ̀ ń dápàárá, ó ń pa òwe, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní àlejò. Nítorí náà, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹni tí ó gbà á fi hun aṣọ tirẹ̀.

Ẹ wo ìtàn tí ó so Ọ̀yọ́ pọ̀ mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀: bí Ògúnlọlá ọdẹ ti wà ní àhámọ́ Aláàfin nítorí ẹ̀mí ènìyàn tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ bọ́, bí ó ti tọrọ àyè láti lọ kojú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, àti bí ó ti gbé orí ọ̀tá náà wá, tí ìlú sì ti ipa bẹ́ẹ̀ gba orúkọ. Bí ọ̀dọ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí Ògúnlọlá, gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti mọ ibi tí yóò parí sí. Kí ni wọn yóò máa dúró dè? Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ aya rẹ̀ ni ń sọ ọ́, ẹni tí ó kù sílé láìmọ̀ bóyá ọkọ òun yóò padà, ara wa kò ní balẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ilé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ni ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tirẹ̀, ẹni tí a pè ní ọ̀tá yóò di baba ẹnìkan. Ìtàn kan ni, ìwé mẹ́ta ni. Kò sì sí ohun tí a fi lè ṣe àwáwí pé a kò rí ibi wádìí rẹ̀: Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1897, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921, N. D. Oyèrìndé sì tẹ Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1934.

Kí ni ó wá ń dí wa lọ́wọ́? A mọ ilé ìwé kan tí olùkọ́ ti fi gègé pupa fagi lé ìtàn ọmọ kan, nítorí pé ọmọ náà fi oríkì ìdílé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ní ìtàn kì í bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kò kọ ìtàn mọ́. Bí irú èyí bá ń bá a lọ, ọjọ́ ń bọ̀ tí a óò ní ọ̀mọ̀wé lọ́pọ̀ yanturu, tí a kò ní rí ẹni tí yóò gbé ìwé ìtàn kan kalẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa kò ṣòro. Kí olùkọ́ fi ìbéèrè mẹ́ta tí a sọ lókè wádìí ìtàn ọmọ, kí ó tó fa ìlà pupa sí i. Kí ẹ̀yin ìjòyè ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n lè jókòó ti àwọn arọ́kin ní Ọ̀yọ́ àti àwọn àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń pín abọ́ àti ike níbi ìnáwó máa pín ìwé Yorùbá pẹ̀lú, nítorí òǹkọ̀wé tí a kò ra ìwé rẹ̀ kò ní kọ èkejì. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ̀wé sì máa kà á sókè fún ìyá àgbà kan kí ẹ tó gbé e lọ fún atẹ̀wé: ibi tí oorun bá ti gbé e lọ, níbẹ̀ ni òwú ti dẹ̀. Ẹ fà á le, kí ẹ sì máa hun ún lọ.