Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ Ìgbọ́ràn Nínú Ariwo

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ilé-ìwé tàbí ti físà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yẹn kò tí ì tán nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ etí ni.

Àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí wà lára wọn. Àwọn mìíràn ń lò ó tí ẹ kò mọ̀, nítorí pé irun tàbí gèlè ti bò ó. Ẹ óò ti rí irú wa níbi àpèjẹ: ẹni tó ń mi orí sí gbogbo ohun tí a bá sọ fún un, tó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí gbogbo ènìyàn bá rẹ́rìn-ín, tí yóò sì dìde lọ sílé kí ijó tó gbóná. Àwọn kan rò pé ìgbéraga ni. Kì í ṣe ìgbéraga rárá; ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wí?” ni. Bí ó bá bèèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó sọ fún un pé, “Fi í sílẹ̀, kò ṣe pàtàkì.” Gbólóhùn yìí dun ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa ju èébú lọ. Nígbà tó bá yá, kò ní wá sí ìpàdé mọ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nípa rẹ̀ nísinsìnyí ni pé mo ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé wàhálà ti tán, pé ẹ̀rọ òde òní ń gba ohùn tààrà látinú fóònù. Òótọ́ ni pé ó ń gbà á. Ṣùgbọ́n láàárín gbígba ohùn àti gbígbọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀nà jìn.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Máìkì kéékèèké wà lára rẹ̀ tí ń gba gbogbo ohùn àyíká. Ẹ̀rọ yóò gbé ohùn náà sókè, pàápàá níbi tí etí ẹni ti kù díẹ̀ káàtó, yóò sì dà á sínú ihò etí. Nínú yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́, iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Nínú ariwo, ariwo àti ọ̀rọ̀ ni yóò jọ ga. Àwọn ẹ̀rọ kan mọ bí a ti ń kọ etí sí iwájú ju ẹ̀yìn lọ, wọ́n sì ń gbìyànjú láti tẹ ariwo rì, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá jìnnà, agbára wọn kò gbé e. Ohun tí etí wa ń fẹ́ kì í ṣe kí ohùn pọ̀; kí ọ̀rọ̀ ga ju ariwo lọ ni.

Ibẹ̀ ni fóònù ti wọlé. Bí ìyá ẹni bá pe ẹni láti Ìbàdàn lórí WhatsApp, máìkì tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ wà nítòsí ẹnu rẹ̀ lọ́hùn-ún, ohùn náà yóò sì kúrò nínú fóònù wa bọ́ sínú ẹ̀rọ etí láìgba àárín ariwo bọ́ọ̀sì kọjá. Tẹ́lẹ̀ rí, àfi kí ènìyàn gbé ẹ̀rọ alárinà kan kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ní ọdún 2014 ni irú ẹ̀rọ tó ń bá iPhone sọ̀rọ̀ láìsí alárinà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́jà; nígbà tó di 2019, àwọn fóònù Android náà ti ní ọ̀nà tiwọn.

Kí ló wá dé tí a fi ń jókòó nínú bọ́ọ̀sì, tí ohùn Màmá wà nínú etí wa gan-an, síbẹ̀ tí a kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ?

Ẹ wo rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà, èyí tó ń wọ ihò etí. Tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ojú ihò lára. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ohùn tiwa fúnra wa má baà máa dún lórí wa bí ẹni tó ki orí bọ ìkòkò. Nínú ilé, ó tura. Nínú bọ́ọ̀sì, ohùn ẹ́ńjìnnì yóò gba ojú ihò kan náà wọlé láìkan ilẹ̀kùn, apá ìsàlẹ̀ ohùn Màmá yóò sì gba ibẹ̀ jò jáde. Bọ́tìnnì tí a fi ń gbé ohùn sókè kò lè dí ihò náà. Lẹ́yìn èyí, máìkì ẹ̀rọ etí ṣì lè wà ní títàn nígbà tí fóònù ń sọ̀rọ̀, tí yóò máa da ariwo òde lé ohùn Màmá lórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀rọ.

Fún àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí tún ní ẹ̀ka mìíràn. Èdè wa lórí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló dúró. Ẹni tí kò gbọ́ dáadáa lè wo ètè olùkọ́ òyìnbó kí ó sì fi ojú bá etí ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ dúró níwájú dígí kí ẹ pe ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Bákan náà ni ẹnu yín yóò ṣe rí. Ariwo ọkọ̀ sì rèé, apá ìsàlẹ̀ ló ti pọ̀ jù, níbi tí ìró tó ń gbé ohùn ọ̀rọ̀ wa ga tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ti ní ìpìlẹ̀. Bí Màmá bá bi ọmọbìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì pé, “Ṣé o ti rí ọkọ?” kò ní yà mí lẹ́nu bí ó bá dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni mà, mo tilẹ̀ ti jókòó sínú rẹ̀.”

Ohun tí a lè ṣe kò le. Ẹ ṣí áàpù ẹ̀rọ yín, ẹ wá ibi tí a ti ń dín máìkì òde kù nígbà tí fóònù bá ń sọ̀rọ̀, kí ẹ fà á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ sójú títì, ẹ dá a padà kí ẹ tó sọdá. Mọ́tò oníná mànàmáná kò ní ariwo ẹ́ńjìnnì tí yóò kìlọ̀ fún yín. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ etí wò bóyá etí yín lè gba rọ́bà tí kò ní ojú ihò púpọ̀, tàbí èyí tí wọ́n fi ìwọ̀n ihò etí yín gan-an ṣe. Ohùn yín yóò kọ́kọ́ ṣe yín bákan, ó sì máa ń mọ́ra lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ tún rántí pé gbígba ohùn látinú fóònù ń jẹ bátìrì.

Ẹ̀yin tí etí yín ṣì pé, tí ẹ ń ki nǹkan bọ etí gbọ́ orin nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ariwo ibẹ̀ sábà máa ń kọjá dẹ́síbẹ́lì 80, níbòmíràn ó ń kọjá 100, ẹni tó bá sì fẹ́ kí orin borí rẹ̀ ní láti gbé orin ga jù ú lọ. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2019 ni wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún dẹ́síbẹ́lì 80. Bí ó bá di 90, wákàtí 4 péré ni. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn àjò yín.

Ó wá ku yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́, níbi tí owó tí àwọn òbí wa ń san ti ń gbéra tàbí tí ó ti ń ṣòfò. Nínú afẹ́fẹ́ gbalasa, ìgbàkígbà tí a bá sún mọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dé ìdajì ọ̀nà tó wà láàárín wa, ohùn rẹ̀ yóò fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 6 ga sí i. Láti mítà 6 dé sẹ̀ǹtímítà 20, ìdajì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ìdí nìyí tí máìkì kékeré tí olùkọ́ fi há ọrùn aṣọ, tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ wa, fi ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ etí olówó ńlá kò lè dá ṣe. Bí kò bá sí irú máìkì bẹ́ẹ̀, iPhone ní ohun kan tó ń jẹ́ Live Listen, tó lè sọ fóònù di máìkì fún ẹ̀rọ tó bá a mu: a ó gbé fóònù sórí tábìlì olùkọ́, àwa yóò sì jókòó síwájú níbi tí Bluetooth lè dé. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ o, nítorí pé òmíràn yóò rò pé ẹ ń gba ohùn òun sílẹ̀ ni. Kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá bèèrè ìbéèrè láti ẹ̀yìn, kí ó tún un sọ kí ó tó dáhùn.

Ohun àtijọ́ kan sì wà tí a kò gbọdọ̀ fojú rénà. Ní 1937 ni Joseph Poliakoff gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wáyà tí a tẹ́ yí gbọ̀ngàn ká, tó ń fi agbára òòfà gbé ohùn sínú ẹ̀rọ etí. Níbi tí ẹ bá ti rí àmì etí tí lẹ́tà T wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní kántà báǹkì, ní ilé tíátà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, wáyà náà wà níbẹ̀. Kò bèèrè fóònù, kò bèèrè Bluetooth. Kí ẹ̀rọ yín ṣáà ní telecoil nínú, kí ẹ sì tàn án. Àwọn ẹ̀rọ tíntìntín kan kò ní i, nítorí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó yàn. Ọ̀nà tuntun tó ń bọ̀ wá ràn án lọ́wọ́ ni Auracast, tí wọ́n kéde orúkọ rẹ̀ ní 2022: ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn lè máa fọ́n ohùn ká fún gbogbo ẹni tí ẹ̀rọ etí rẹ̀ lè gbà á. Kò tí ì kárí.

Nípa owó, ẹni tó ti san owó ìlera mọ́ físà rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn NHS tí dókítà bá rí i pé ó nílò rẹ̀, wọn kì í sì í gba owó lórí ẹ̀rọ náà tàbí bátìrì rẹ̀. Owó ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onílé tí wọ́n ní àléébù ara kì í sábà kan àwa àlejò, ṣùgbọ́n Òfin Ìdọ́gba ti 2010 kò ya àlejò sọ́tọ̀: yunifásítì gbọ́dọ̀ ṣe àtúnṣe tó bá yẹ. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ kọ ọ́ sí ìwé. Ẹ má dúró di ìgbà tí èsì ìdánwò bá jáde.

Ó ku ilé wa. Mo ń bẹ ìgbìmọ̀ àpèjẹ pé kí wọ́n gbé gbohùngbohùn onílù jìnnà sí tábìlì oúnjẹ, kí wọ́n sì fi igun kan sílẹ̀ tí a ti lè sọ̀rọ̀. Bí a bá ń ṣe ìpàdé, kí máìkì kan máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí wọ́n so ẹ̀rọ tó ń fọ́n ohùn mọ́ ọn fún àwa tí a nílò rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ máa ń ti máìkì sẹ́yìn pé “Ohùn tèmi tó, mi ò nílò ìyẹn,” ẹ dákun, ẹ gbà á. Ohùn yín tó lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú máìkì yẹn ni àwa ti ń gbọ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tí a ti lè yá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí a tó rà á, kí ó bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó kò.