Ìwé Àwòrán Eṣinṣin Èso: Ẹ Jẹ́ Ká Ṣe Tiwa

Tí wọ́n bá ní prákítíkà jẹ́nẹ́tíìsì le, ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé ìṣirò ló ń dààmú wa. Rárá o. Ta ni ìpín 3 sí 1 ṣì ń dẹ́rù bà? Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni ìdí máíkíróskóòpù, nígbà tí a ní láti ya eṣinṣin lásán sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí jíìnì rẹ̀ yí padà, ìyẹn mútáǹtì. Ẹni tó bá ka eṣinṣin 10 sí ibi tí kò yẹ, kò sí ìṣirò tó lè gbà á là. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ó yẹ kí ẹ̀ka wa ṣe ìwé àwòrán tirẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò àwọn eṣinṣin tí à ń lò níbí.

Bí àwọn aṣáájú iṣẹ́ yìí ti ṣe é náà nìyẹn. Ní 1910, Thomas Hunt Morgan rí akọ eṣinṣin olójú funfun kan láàárín àwọn olójú pupa ní Yunifásítì Columbia, ní New York. Bí mútáǹtì ṣe ń pọ̀ sí i, Edith Wallace, ayàwòrán láàbù náà, ń fi ọwọ́ yà wọ́n. Ní 1944, ìwé Calvin Bridges àti Katherine Brehme, tó to àwọn mútáǹtì náà lẹ́sẹẹsẹ, jáde. Ohun tí wọ́n rí nínú ìgò tiwọn ni wọ́n yà.

Àwa ńkọ́? Hándáòtì tí wọ́n ti ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ láìmọye ìgbà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́. Nínú rẹ̀, ojú pupa àti ojú aláwọ̀ búráùn ti di dúdú kan náà. Ebony tí ara rẹ̀ dúdú àti yellow tí ara rẹ̀ dà bí ìyeyè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn mọ́. Báwo ni èèyàn ṣe máa fi ìwé tí kò ní àwọ̀ kọ́ nípa àwọ̀?

Ká tiẹ̀ ní ìwé aláwọ̀ mèremère wà lọ́wọ́ wa, ọ̀rọ̀ ooru ń bẹ. Nǹkan bí 25°C ni ọ̀pọ̀ láàbù òkèèrè ń tọ́jú eṣinṣin wọn sí. Ẹ̀yin tó ń gbé láti Lekki dé Ajah mọ bí yàrá ṣe ń rí tí iná bá lọ lọ́sàn-án. Ooru máa ń yí ìrísí àwọn mútáǹtì kan padà. Vestigial tí ìyẹ́ rẹ̀ kéré jọjọ nínú ìwé lè ní ìyẹ́ tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá dàgbà nínú ooru tó sún mọ́ 30°C. Ojú Bar, ní tirẹ̀, á tún kéré sí i. Láàbù tó tutù jù náà ní wàhálà tirẹ̀: ìyẹ́ Curly tó yẹ kó ká sókè lè tẹ́jú bíi ti eṣinṣin lásán.

Ẹ tún gbé ìgò tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé ní Sangotedo tàbí Badore, tàbí kí ẹ dúró ti àwọn tó ń ta èso lọ́jà Ajah. Kì í ṣe Drosophila melanogaster nìkan ló máa wá. Zaprionus, tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, ní ìlà funfun láti orí dé ẹ̀yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí i rí lè pè é ní mútáǹtì tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni eṣinṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde: ara rẹ̀ á funfun, ìyẹ́ rẹ̀ á ká jọ, àmọ́ kò sí ohun tó ṣe jíìnì rẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tó ti òkèèrè wá.

Àwọn kan á ní FlyBase wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Òótọ́ ni, ó sì wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n orúkọ ni èèyàn fi ń wá nǹkan níbẹ̀. Eṣinṣin tí kò lórúkọ ló wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì, orúkọ yẹn gan-an ló sì ń wá.

Kò ní ná wa lówó rẹpẹtẹ. Fóònù tí a gbé sí ojú máíkíróskóòpù lè ya fọ́tò tó dára. Kí ìgò kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò akọ àti abo, ní ẹ̀gbẹ́ eṣinṣin lásán, kí a kọ ìwọ̀n ooru yàrá àti ọjọ́ orí eṣinṣin sí abẹ́ rẹ̀. Kí àlàyé wà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Kí ojú ìwé kan wà fún àwọn tó ń tan ojú jẹ. Yunifásítì Ìbàdàn ti ní láàbù eṣinṣin yìí ní ẹ̀ka Báyókẹ́místírì. Ẹgbẹ́ DrosAfrica sì ń dá àwọn onímọ̀ Áfíríkà lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀. A ní ẹni tí a lè bi léèrè.

Ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde, owó títẹ̀ aláwọ̀ àti láminéètì ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìgò wà nínú láàbù, fóònù sì wà lápò. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mútáǹtì márùn-ún ní sáà yìí.