M20 Kì Í Ṣe Ìwọ̀n Ihò



Sáà tó kọjá, mo ba irin jẹ́ ní wọ́kṣọ́ọ̀bù. Irin roboto kan ni, tó yẹ kó di ọwọ́ pọ́ǹpù kànga wa mú. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀rọ lathe gé tírẹ́ẹ̀dì M20 sínú rẹ̀. Mo rí 20, mo lu ihò náà dé 20 mílímítà. Bóòtù wọlé wọ̀ọ̀, ó jáde wọ̀ọ̀. Kò sí irin mìíràn nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ń pọn omi láti òkèèrè, èmi sì ni wọ́n ń bú.

Ẹ má rò pé mi ò kàwé o. Mo ti há gbogbo nóòtì náà sórí ní Gẹ̀ẹ́sì!

Bàbá kan tó ń fi lathe jẹun ní Sabon Gari ló là mí lójú. Ó ní, "Ọmọ mi, 20 lorúkọ bóòtù, kì í ṣe ti ihò. Bí ihò bá fẹ̀ tó bóòtù, ẹran wo ni tírẹ́ẹ̀dì fẹ́ jẹ?" Láti eyín kan sí èkejì, M20 tó wọ́pọ̀ jẹ́ mílímítà 2.5. Yọ ọ́ kúrò nínú 20, ó ku 17.5. Ihò tó yẹ kí n lu nìyẹn. Ó tún ní tí mo bá ń gé ara irin lóde, ọ̀dọ̀ ara mi ni kí n máa fa túùlù sí bí mo bá dé òpin. Ṣùgbọ́n nínú ihò, kí n tì í síwájú, sí àárín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kán.

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́.

Ẹnìkan lè ní, "Zaria la wà, ọmọ Hausa àti Igbo wà ní kíláàsì." Òótọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì náà la ó fi ṣe WAEC. Ẹgbẹ́ wa ni mò ń bá wí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà ò tìtorí ẹ̀ bàjẹ́.

Àlọ́ dára, òwe dára. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ya ìpàdé kan sọ́tọ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, ká pe oníṣẹ́ ọwọ́ kan wá, ká bi í léèrè, ká sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé yìí. Abéèrè kì í ṣìnà. Èmi ò bèèrè, omi la fi gbà á.